Èsì Mi Lórí Ẹ̀rọ Ìlọkà Tí Wọ́n Fẹ́ Gbé Wá sí Igbaruku

Ẹ kú ilé o, Màmá. Àdùkẹ́ yín ló kúnlẹ̀ níbí, àmọ́ orúnkún kan ni mo fi kúnlẹ̀, èkejì ò gbà mọ́, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí tọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín tó bí mi kú, mo kí yín. Ọkun o, gbogbo ilé. Mo kí bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí wa. Mo kí àwọn ìyàwó ilé, àtàgbà àtèwe. Mo kí Abẹ́ní, àbúrò mi. Mo kí tíṣà tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ má sáré kà á, Màmá ò fẹ́ràn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko.

Rábì, ọmọ Sulé ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ Yorùbá sùkúù ló fi ń kọ ọ́, ó ní wọn ò kọ́ àwọn ní bí wọ́n ṣe ń kọ Yàgbà tí à ń sọ nílé. Ẹ má rò pé Kabba ti gba ẹnu mi. Àwọn ará ibí gan-an ṣì ń fi mí ṣẹ̀rín. Bí mo bá lọ ra ẹ̀fọ́, ẹni tó ń tà á á ní kí n tún un sọ. Mo bá tún un sọ, á wá pe ẹnìkejì rẹ̀ pé kó wá gbọ́. Mo ti ń rò ó pé àwọn ló yẹ kó máa fún mi ní ẹ̀fọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ara wa le. Sulé ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títì tí wọ́n ń ṣe, bó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, eruku ò ní jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ yín ni. Àmínátù ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún, ó ti pé oṣù méje, ẹ bá wa fi í sínú àdúà. Ọyẹ́ ti dé síbí. Láàárọ̀, a kì í rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé. Ètè mi là, mo ń fi òrí pa á. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, á tún là, síbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín, torí kí la fẹ́ ṣe.

Dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá ló jẹ́ iṣẹ́ yín fún mi lóṣù tó kọjá. Ó ní àwọn ọmọ wa tó wà ní Jọ́ọ̀sì àti Èkó ti dáwó jọ, wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tí ń lọ ọkà fún Igbaruku. Ó ní àwọn ọkùnrin ti gbà, àmọ́ torí pé iṣẹ́ obìnrin ni ọkà lílọ̀, wọ́n ní àwọn ń retí ohun tí àwọn obìnrin máa sọ, àwọn obìnrin sì ń wojú yín. Ẹ̀yin wá ní ẹ ò tíì rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí, pé Àdùkẹ́ yín wà ní Kabba níbi tí ọ̀kan wà, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ohun tí mo bá sọ lẹ ó sọ. Dírẹ́bà ní ẹ tún ní kí n má gbàgbé Abẹ́ní nínú ọ̀rọ̀ náà.

N kò gbàgbé rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn ti mú un lẹ́sẹ̀ òsì ní kékeré, kò lè lọ oko, kò lè ru ẹrù lọ sọ́jà. Ìdí ọlọ ló jókòó sí tó fi dàgbà. Ìdajì àdúgbò ló ń gbé ọkà wá fún un, á lọ̀ ọ́, wọ́n á bu tirẹ̀ fún un níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ nìyẹn. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Bí ẹ̀rọ bá dé, ẹni àkọ́kọ́ tí wọn ò ní gbé ọkà wá fún mọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fi pẹ́ kí n tó dáhùn nìyẹn, kì í ṣe pé n kò rí ẹni kọ̀wé.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tèmi. Nígbà tí Sulé mú mi wá síbí lẹ́yìn tí a sìnkú bàbá rẹ̀, mo sọ fún un pé n kò lè jókòó kí ìyàwó rẹ̀ máa gbé oúnjẹ fún mi bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Mo ra ọlọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ọkà fún àwọn ará ilé, àwọn ará ilé sọ fún àwọn tó wà níta. Nígbà tó yá, ilé ìdáná sùkúù kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀ pè wá, àwa mẹ́rin. Àgbàdo ògì wọn, ata ọbẹ̀ wọn, àwa la ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí àkùkọ bá kọ́kọ́ kọ la ti máa ń wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wa, ará Bùnù, ohùn rẹ̀ dùn, òun ló ń dá orin. Bí orin bá yá, ọwọ́ á yá. Bó bá fẹ́ kí a sinmi, á fà á gùn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀.

Kí òjò tó dá ni ọlọ́jà kan gbé ẹ̀rọ wá nínú lọ́rì. Ó kọ́ ahéré páànù sí ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó gbé e síbẹ̀. Ó gba ọmọkùnrin kan láti apá Bídà tó ń jẹ́ Dàńládì pé kó máa bójú tó o. Ẹni tó ń jẹ́ Dàńládì yìí, Haúsá àti Yorùbá ló ń lù pọ̀ lẹ́nu, àmọ́ ó mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Ẹ̀rọ náà ga jù mí lọ. Ẹnu rẹ̀ wà lókè bí ẹnu ìkòkò, ibẹ̀ ni wọ́n ń da ọkà sí. Ìyẹ̀fun á máa bọ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Awọ gígùn kan ló ń yí i. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ yín á máa mì, ẹ ò sì ní gbọ́ ohun tí ẹni tó dúró tì yín ń sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn obìnrin kan sá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tò síwájú rẹ̀ láti ahéré dé ìdí igi mángòrò.

Èmi náà lọ tò, kí n lè rí i dáadáa. Ẹ̀rín la fi tò. Obìnrin kan tó ń ta iṣu ní òun gbọ́ pé èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ lẹ́yìn eléyìí á máa gún iyán, èyí tó bá tẹ̀lé e á máa kọ ebè. Ẹnìkan ní kí ni ọkọ òun á wá máa ṣe. Wọ́n ní á máa jókòó. Ó ní ó ti ń jókòó tẹ́lẹ̀, òun ò wá rí ohun tí ẹ̀rọ máa yí padà níbẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́yìn wa, a rò pé kò gbọ́ràn. Òun ló ní bí wọ́n bá kó èyí tó ń ṣe ọkọ dé, kí wọ́n ránṣẹ́ pe òun, àmọ́ kí wọ́n wá èyí tí kì í pariwo.

Nígbà tó kàn mí, ọkà bàbà tí mo gbé lọ, èyí tí mo lè fi gbogbo òwúrọ̀ lọ̀, mo ní kí n tún ìró mi ró, kí n tó ró o tán, ó ti parí. Mo fi ọwọ́ kan ìyẹ̀fun náà. Ó gbóná. Ó kúnná. N kò lè purọ́, Màmá, ó kúnná ju tèmi lọ. Tọ́rọ́ kan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Mo bi Dàńládì pé ṣé ẹ̀rọ yìí ò ní lé wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó dá mi lóhùn. Ó ní rárá o, Màmá, ẹ̀rọ kì í lé èèyàn, ẹ̀rọ ní tirẹ̀, èèyàn ní tirẹ̀. Mo ní èwo wá ni tèmi. Ó ní èmi á máa sinmi ni.

Mo ń sinmi. Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti ń sinmi.

Bí wọ́n ṣe pè wá nílé ìdáná sùkúù nìyí. Ìyá tó jẹ́ olórí alásè ní ká jókòó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní ọ̀gá sùkúù náà dúpẹ́, pé wọ́n á máa gbé àgbàdo lọ sídìí ẹ̀rọ báyìí. Ó ní iṣẹ́ mìíràn máa wà, kí a fọkàn balẹ̀. Ó fún wa ní ọṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ náà dára, ó hó. Àwa mẹ́rin jọ jáde, a pínyà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń dá orin fún wa ti padà sí Bùnù. Ọ̀kan ń ta igi ìdáná. Ọ̀kan ń pọn omi fún àwọn tó ń kọ́lé. Èmi lẹ ń gbọ́ yìí.

Inú mi ò bàjẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Àdùkẹ́ ń sunkún ní Kabba. Inú mi ò dùn náà. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú bí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí ẹ á fọwọ́ gbá a tí kò ní dùn yín, bó ṣe rí nìyẹn. Àkùkọ á kọ, mo máa jí, mo máa jókòó. Ọwọ́ mi á gbéra fúnra rẹ̀, á wá balẹ̀ sórí itan mi. Àmínátù ní kí n máa sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ń gbìyànjú. Ọlọ mi wà lẹ́yìnkùlé, adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kan wà tí mo rò pé wọ́n á padà sọ́dọ̀ wa. Ìdílé Mùsùlùmí kan ládùúgbò wa fẹ́ ṣe sàráà fún bàbá wọn tó kú. Kókò, ìyẹn ògì àwọn Haúsá, ni wọ́n fẹ́ fi ọkà bàbà sè fún àwọn ààfáà, àwa la sì máa ń lọ̀ ọ́ fún wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ. Obìnrin tó ṣáájú wọn, ata gbígbẹ ló lọ̀. Nílé wa níbẹ̀ àti níbí, ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé ọlọ ata lọ́tọ̀, ọlọ ọkà lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹnu kan náà ni ẹ̀rọ fi ń jẹ gbogbo rẹ̀. Wọ́n se kókò, wọ́n fi ṣúgà sí i, wọ́n gbé e fún ààfáà àgbà. Ààfáà gbé e mu. Ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń bọ́ nímú rẹ̀, àmọ́ nítorí òkú, kò lè tu ú dànù. Ó gbé e mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àdúà ọjọ́ náà ò gùn rárá. Àwọn ọmọ òkú ń bínú sí ìyàwó tó gbé ọkà lọ, ìyàwó ń bínú sí Dàńládì, Dàńládì ní ẹ̀rọ òun ò ní ahọ́n tó lè fi tọ́ ọ wò. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí. Mo wá gbá ẹ̀yìnkùlé, mo lé adìyẹ kúrò lórí ọlọ, mo fọ̀ ọ́, mo fi òkúta ṣá ojú rẹ̀ kó lè mú. Mo dúró.

Wọn ò wá. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń tètè jí lọ sídìí ẹ̀rọ báyìí, kí wọ́n lè ṣáájú àwọn aláta.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín tí n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ rántí ìgbà tí ẹ fẹ́ mú mi lọ fún ọkọ mi. Àwọn obìnrin ilé gbé ọlọ wọn jọ, wọ́n jọ lọ ọkà ìyàwó, mo jókòó sáàárín yín. Bí ẹ ṣe ń lọ̀ ọ́ lẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ fún mi. Ohun tí èèyàn ò lè sọ lójúkojú, ẹ sọ ọ́, torí ojú yín wà nílẹ̀ lórí ọlọ, ojú tèmi náà wà nílẹ̀. Èyí tó bá sì le jù, ariwo ọlọ á bò ó díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo ohun tí mo fi gbélé ọkọ.

Wọ́n ń ṣe é bẹ́ẹ̀ níbí náà. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fẹ́ mú ọmọge kan lọ sílé ọkọ ní ilé kejì sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ìyẹ̀fun ti wà nínú àpò. Ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ láti àná. Wọ́n ní ká jókòó, a jókòó, ọmọge jókòó sáàárín wa. A tó mẹ́jọ. Ọwọ́ gbogbo wa wà lórí itan. Ẹnìkan ní ìyẹ̀fun náà kúnná. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnìkan ní ọyẹ́ ọdún yìí tètè dé. A ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọmọ náà nípa ìyá ọkọ rẹ̀, torí mo mọ obìnrin náà. Mo gbójú sókè, ọmọ náà ń wò mí tààrà, ojú rẹ̀ mọ́ roro. Kò ṣeé sọ. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, a jẹun, a dìde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Mo máa ń rí i báyìí bó bá ń ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀, á kúnlẹ̀ kí mi. N kò mọ ohun tó mọ̀, n kò sì mọ ohun tí kò mọ̀.

Ẹ ó rò pé mo ti dáhùn nìyẹn. N kò tíì dáhùn.

Rábì tó ń kọ̀wé yìí, nígbà tí mò ń lọ ọkà sùkúù, òun ló ń bá mi fẹ́ ẹ, tó ń bá mi kù ú. Bí a bá ṣe tán, ilẹ̀ á ti mọ́, á sáré lọ sí ilé ìwé, wọ́n á nà án torí pé ó pẹ́. Bó bá jókòó, á sùn, wọ́n á tún nà án torí pé ó sùn. Ó ní òun ò mọ ìyàtọ̀ láàárín èyí àkọ́kọ́ àti èkejì. Láti oṣù márùn-ún, wọn ò nà án. Àmínátù náà, lọ́dún tó kọjá, oyún wà lára rẹ̀. Mo sọ fún un pé kó fi ọlọ sílẹ̀, kò gbọ́, ó ní ṣé èmi nìkan ni yóò máa ṣe é. Orí ìkúnlẹ̀ níwájú ọlọ ni ẹ̀jẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Èmi ni mo gbé òkú ọmọ náà fún Sulé. Ti ọdún yìí ti pé oṣù méje, ẹ̀rọ ló ń lọ gbogbo ohun tí a ń jẹ. N kò mọ̀ bóyá ìyẹn ló fà á. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ fún yín, ohun tí ẹ sì bi mí nìyẹn.

Mo bi Dàńládì pé bí wọ́n bá rà á sí Igbaruku, ṣé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e lè máa da ọkà sí i. Ó ní ẹni tó ń dà á gbọ́dọ̀ dúró, kó sì lè gbé igbá dé èjìká. Mo ní bí wọ́n bá kan àpótí fún un ńkọ́. Ó wo awọ tó ń yí ẹ̀rọ náà. Ó ní awọ yẹn máa ń fa ìró, ẹni tí kò bá lè tètè fò sẹ́yìn, kó má sún mọ́ ọn. Ó ní òun ò fẹ́ parọ́ fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Màmá, èsì mi rèé. Kí wọ́n rà á.

Wọ́n á sọ fún yín pé iṣẹ́ mìíràn máa wà fún Abẹ́ní. Èèyàn rere ni àwọn tó sọ ọ́ fún mi náà. Bóyá ó wà lọ́nà. N kò tíì rí i. Ẹ má fi tù ú nínú. Kí ẹbí jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sọ ilé tí ó ti máa jẹun, kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹ̀rọ tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó má jẹ́ pé ó ń wo ojú ọ̀nà pé bóyá ẹnìkan ń gbé ọkà bọ̀.

Mo ti ní kí Rábì kọ ọ́ pé kí tíṣà má ka ibí yìí bí Abẹ́ní bá wà nítòsí. Rábì dúró, ó ń wò mí. Mo ní kó má kọ ọ́ mọ́. Tíṣà, ẹ dúró díẹ̀. Màmá, ẹ pè é. Ẹ jẹ́ kó jókòó kí tíṣà tó máa kà á lọ.

Abẹ́ní, èmi ni. Kì í ṣe àwọn ọkùnrin, kì í ṣe Màmá. Wọ́n bi mí, mo ní kí wọ́n rà á. O wà lọ́kàn mi nígbà tí mo sọ ọ́, mo ṣì sọ ọ́. Bí o bá fẹ́ bú ẹnìkan, bú mi, dárúkọ mi síta. Ibi tí mò ń sùn gba ẹni méjì, mo ti sọ fún Sulé, ó gbà. N kò pè ọ́ pé iṣẹ́ wà níbí, kò sí. A ó kàn jọ jókòó ni. Bí o kò bá wá, ó yé mi.

Màmá, kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ rí òpin ọyẹ́ yìí àti òmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ rántí wa níbẹ̀, àwa náà á rántí yín ní mọ́sáláṣí. Kí ilé má dahoro. Kí oúnjẹ má wọ́n. Kí àwọn tó wà lókè odò àti àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́ pé mo kí wọn. Sulé kí yín, ó dọ̀bálẹ̀. Àmínátù kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀, mo ti ní kó dìde. Rábì ní kí tíṣà má wo àwọn ibi tí tàdáwà ti dà sí.

Èmi ni, ọmọ yín,
Àdùkẹ́, Ìyá Sulé, ní Kabba.